Àbúrò mi ra abẹ́rẹ́ adrenaline pamọ́ nítorí ọkàn Bàbá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìkìrun
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni ọdún 68 ni Bàbá mi, Ìkìrun ni wọ́n ń gbé, èmi wà ní Manchester. Láti bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń sọ pé bí àwọn bá gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa, àyà á fún àwọn bí ẹni pé wọ́n gbé odó lé e. Bí wọ́n bá jókòó díẹ̀, á lọ. Dókítà kan ní Òṣogbo ti yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn ló ti ń dí díẹ̀díẹ̀. Ó kọ aspirin 75 mg ojoojúmọ́ fún wọn, ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọ̀rá, ó sì kọ GTN tí wọn yóò máa fi sábẹ́ ahọ́n nígbà tí àyà bá fún wọn.

Àbúrò mi tó wà nílé pẹ̀lú wọn ló gbé mi dé ibí. Ó wo fídíò kan, ló bá gba ọjà lọ, ó ra ìgò adrenaline (oògùn tó ń mú ọkàn lù kíkan) márùn-ún, abẹ́rẹ́ Lasix (èyí tó ń mú èèyàn tọ omi ara jáde) mẹ́ta, nifedipine (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru) páálí kan àti síríǹjì. Ó ní bí ọkàn Bàbá bá dákẹ́ lóru, adrenaline ni yóò jí i, nọ́ọ̀sì kan sì wà ládùúgbò tí yóò bá òun gún un. Nọ́ọ̀sì ọ̀hún, ẹ forí jì mí, ilé ìwòsàn aládàáni kan ló ti wo iṣẹ́ lójú fún ọdún kan, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Mo bá a wí lórí fóònù, ó ní èmi tí mo wà nínú òtútù ni mo fẹ́ máa pàṣẹ fún ẹni tó ń sùn ti Bàbá lóru. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, àmọ́ irọ́ kọ́.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe máa yé e, kí n lè fi ránṣẹ́ sí i.

Apòògùn Ṣábó
Kó dá adrenaline yẹn padà lọ́la. N ò fi ṣeré.

1 mg nínú omi 1 ml ló máa ń wà nínú ìgò kékeré tí wọ́n ń tà. Ó ki gan-an. Bí ọkàn ẹnì kan bá ti dákẹ́ pátápátá nílé ìwòsàn, a máa ń po 1 mg yẹn mọ́ omi iyọ̀ títí yóò fi di 10 ml, a ó fi sínú iṣan, a ó tún un ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún síra títí ọkàn yóò fi padà. Bó bá sì jẹ́ pé oyin ló ta ẹnì kan, tàbí ó jẹ ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ ń wú tí kò lè mí, ìdajì ìgò kan náà, 0.5 mg, láìpò ó mọ́ nǹkan kan, la ó gún sínú ẹran itan. Ìgò kan, ọ̀nà méjì, wọn ò sì gbọdọ̀ wọnú ara wọn.

Ẹ wá fojú inú wò ó. Bàbá dìde lójijì lóru, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú. Ọkàn wọn ṣì ń lù. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń wá ìlù ọkàn lọ́rùn sáré gún 1 mg sínú iṣan wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọn á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, ìgbà yẹn ló wá lè dákẹ́ lóòótọ́. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀ ni kò lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ rárá.

Ohun kejì ni pé ìmọ́lẹ̀ àti ooru máa ń ba adrenaline jẹ́. Omi funfun tó mọ́ gaara ló yẹ kó jẹ́. Èyí tó bá ti ń pọ́n tàbí tó ti dà bí omi tíì, ó ti bàjẹ́. Ta ló mọ iye ọjọ́ tí ìgò márààrún yẹn ti lò nínú oòrùn?

Dókítà Alẹ́
Ọ̀rọ̀ Apòògùn pé. Yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Lójú fídíò, abẹ́rẹ́ ló ń jí òkú. Ní 2018, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PARAMEDIC2 jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn 8,014 tí ọkàn wọn dákẹ́ níta ilé ìwòsàn ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fún apá kan ní adrenaline, wọ́n fún apá kejì ní omi iyọ̀ lásán, àwọn tó ń gún un pàápàá ò mọ èwo ni wọ́n mú dání. Nígbà tó pé ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn tó ṣì wà láàyè nínú àwọn tó gba adrenaline jẹ́ 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ti omi iyọ̀ jẹ́ 2.4. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, a ò sẹ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí a ṣì fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ti kéré tó. Nínú àwọn tí adrenaline sì dá padà, àwọn tí ọpọlọ wọn bàjẹ́ gidigidi pọ̀ ju ti apá kejì lọ.

Ohun tí fídíò kì í sọ nìyí: ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kúrò lápá dé ọkàn. Bí ọkàn bá dákẹ́, ọwọ́ ẹni tó ń tẹ àyà nìkan ló ń mú ẹ̀jẹ̀ rìn. Bí àbúrò yín bá gún adrenaline sí Bàbá lápá tí kò sẹ́ni tó ń tẹ àyà wọn, ibi tó gún un sí náà ló máa sùn sí. Owó tó fi ra síríǹjì, kó fi kọ́ bí a ṣe ń tẹ àyà. Bí a bá pe Bàbá tí wọn ò dáhùn, tí wọn ò mí, tàbí tí wọ́n kàn ń la ẹnu gbàù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹja orí ilẹ̀, kó pariwo kí ará ilé gbọ́, kí ẹnì kan pe 112. Kó gbé wọn kúrò lórí fóòmù sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, torí lórí fóòmù, fóòmù ló máa máa tẹ̀. Kó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ sí àárín àyà, ọwọ́ kejì lórí rẹ̀, kó na apá gbọnrangandan, kó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kó máa jẹ́ kí àyà padà sókè kó tó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ń rẹni kíá. Kí ẹlòmíì gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ̀rọ ló ń sọ ìyókù fún wa. Bí a bá rí i pé ọkàn ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ dípò kó lù, iná la fi ń ta á. Bí iná ẹ̀ẹ̀mẹta kò bá ràn án la tó ń mú amiodarone 300 mg wá, oògùn tó ń tún ìlù ọkàn ṣe. Ẹ tún lè gbọ́ pé oògùn kan wà tó ń jẹ́ atropine. Ọkàn tó ń lù lọ́ra jù la ń lò ó fún báyìí. Láti 2010 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà ọkàn tó dákẹ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ṣì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ìbejì Peckham
Kí n sọ ti ọkọ mi. Ọjọ́ Àìkú ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n ní àyà ń ta àwọn, ìrẹsì àná ni. Mo wo ojú wọn, ó ti rí bí eérú, òógùn ń dà lára wọn nínú òtútù oṣù kejì. Wọ́n tún wá ní párì àgbọ̀n ń ro àwọn. Ẹ̀rù bà mí, mo pe 999.

Obìnrin tó gbé fóònù kọ́kọ́ bi mí bóyá ara wọn kọ aspirin, bóyá wọ́n ní ọgbẹ́ inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní bí mo bá ní aspirin 300 mg nítòsí kí n fún wọn, kí wọ́n rún un lẹ́nu, kí wọ́n má gbé e mì lódidi. Ó tún ní bí kò bá sí nínú ilé, n ò gbọdọ̀ jáde lọ rà á kí n fi wọ́n sílẹ̀ nìkan. Áńbúláǹsì dé, wọ́n lẹ okùn mọ́ àyà wọn níbẹ̀, wọ́n rí i lórí ECG, ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, tààrà ló di ibi tí wọ́n ti fi bálóònù ṣí iṣan tó dí náà. Ó ti pé ọdún méjì. Wọ́n ṣì ń jẹ ìrẹsì àná.

Ọmọ Alákàrà
Ẹ kú oríire o, Ìyá Ìbejì. Àmọ́ 75 mg la máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Ṣé ká kàn rún mẹ́rin? Bí ẹni náà bá sì ti lo ti àárọ̀ ńkọ́?

Apòògùn Ṣábó
Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́rin, ó di 300. Ti àárọ̀ kò dí i lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú 75 mg wa ló ní èèpo dídán lára kó má baà tú títí á fi kọjá àpòlúkù. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kẹ́ ẹ rún un dáadáa, ẹ má jẹ́ kí èèpo yẹn fi àkókò yín ṣòfò.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí àwọn ẹyọ inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ra ráyè di òkìtì níbi tó ti dí. Kò yọ ohun tó dí. Kò pa ìrora. Àwọn kan á lò ó, wọ́n á ní àyà ṣì ń dun àwọn, wọ́n á ní oògùn náà ò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tiẹ̀ kọ́ nìyẹn. Nínú ìwádìí ISIS-2 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1988, aláìsàn 17,187 ló wà níbẹ̀. Aspirin tí wọ́n lò fún oṣù kan dín ikú kù ní 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn tí owó rẹ̀ ò tó owó àkàrà.

Ta ni kò gbọdọ̀ lò ó? Ẹni tí aspirin ti mú ara rẹ̀ wú rí, tàbí tó ti gbé ikọ́ fée rẹ̀ dìde rí. Ẹni tó ń pọ ẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń ya ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí apá kan rẹ̀ kú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú ọpọlọ. Ẹ má fún un ní aspirin. Ilé ìwòsàn ni.

Aríyìíbí
Ẹ̀yin lẹ ń lo gbogbo ìyẹn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ìyá ìyàwó mi ru dé 220, ṣebí nifedipine la gún lójú, a kán an sábẹ́ ahọ́n wọn, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti já wálẹ̀. Àbúrò yín ò ya wèrè o.

Dókítà Alẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ọkàn yín ló dára, ṣùgbọ́n orí ìyá ìyàwó yín ló bá yín ṣe é. Jíjá yẹn gan-an ni ewu rẹ̀. Ara tó ti mọ 220 fún ọdún mẹ́wàá, bí ẹ bá já a wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ ò ní lágbára láti dé ọpọlọ àti ọkàn. A ti rí àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú, àti àwọn tí ọkàn wọn gba ìkọlù, nítorí nifedipine abẹ́ ahọ́n. Láti àárín ọdún 1990 sókè ni àwọn oníṣègùn ti ń kọ̀wé pé kí wọ́n dá a dúró. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru tí kò sí ohun mìíràn tó ń ṣe é, ọjọ́ díẹ̀ la fi ń rọra mú un sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú oògùn tí à ń gbé mì. Nifedipine tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́ wà fún ìyẹn, ẹ gbé e mì lódidi, ẹ má lù ú lójú.

Aríyìíbí
Mo gbọ́ o. A dúpẹ́ pé wọn ò kú sí mi lọ́wọ́, ìyàwó mi ì bá pa mí.

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀
Ẹ jẹ́ kí n dé orí Lasix, torí ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Lọ́dọ̀ wa, ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti lò ní ìlòkulò títí tó fi rẹ̀ ẹ́ la máa ń rí jù. Aago méjì òru ni wọ́n máa ń dé. Ẹni náà á sùn, yóò ta jí, kò rí èémí gbà, á máa wúkọ́ itọ́ oníhòóhò tó pọ́n díẹ̀. Àwọn ará ilé á ní ogun orun ni. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á máa da òróró sí i lórí, wọ́n á máa gbàdúrà. Ẹ máa gbàdúrà, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á, àmọ́ ẹ gbé e jókòó! Omi ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá dá a dùbúlẹ̀, inú omi yẹn lẹ fi sí. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri tàbí ìrọ̀rí mẹ́ta, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ẹ wá mọ́tò.

Lóòótọ́, Lasix 40 mg sínú iṣan wà lára ohun tí a máa ń fún un bó bá dé. Àmọ́ a ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ti mọ̀ bóyá ó nílò ẹ̀rọ èémí, a sì mọ̀ pé omi ló kún un. Bí ohun tó ń ṣe ẹni náà bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló lọ sílẹ̀, Lasix á tún fa ìwọ̀nba omi tó kù lára rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí kan tí wọ́n fi ń wá iṣan lápá bàbá arúgbó lábẹ́ iná fóònù ni wọn ì bá fi dé Òṣogbo.

Ṣèyí Houston
Abẹ́rẹ́ ọkàn kan wà tí ẹ ò tíì dárúkọ. Mi ò ní gbàgbé ẹ̀ láyé. Ọkàn mi kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré níbi iṣẹ́, 190 ní ìṣẹ́jú kan. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n fẹnu fẹ́ síríǹjì fún ìṣẹ́jú àáyá 15, wọ́n dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sókè. Kò gbọ́. Wọ́n mú adenosine 6 mg. Dókítà ní, "Wàá rò pé o ń kú, kì í pẹ́." Arákùnrin, ó dúró! Mo rí ìlà tó wà lójú ẹ̀rọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ti pe orúkọ ìyá mi tán kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì wá ń lù jẹ́jẹ́.

Dókítà Alẹ́
Haha, ẹ̀rù tí ẹ sọ yẹn, gbogbo wọn ló ń sọ ọ́. Adenosine kì í lò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń tì í wọlé pẹ̀lú agbára tí a sì ń fi omi lé e. Síríǹjì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fẹ́ kì í ṣe eré ọmọdé o. Ní 2015, ìwádìí REVERT fi hàn pé bí a bá gbé ẹsẹ̀ sókè lẹ́yìn fífẹ́ yẹn, ó dá 43 nínú ọgọ́rùn-ún padà. Láìgbé ẹsẹ̀, 17. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ̀rọ ni a kọ́kọ́ fi ń mọ irú eré tí ọkàn ń sá.

Apòògùn Ṣábó
Ká padà sọ́dọ̀ Bàbá Ìkìrun. Ìyókù lọ́wọ́ àwọn ará ilé ni GTN, òun ni mo sì rí i pé àwọn èèyàn ń ṣì lò jù.

Kí wọ́n jókòó kí wọ́n tó lò ó, torí ó ń ṣí iṣan, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ẹni tó bá dúró lè ṣubú. Ẹyọ kan sábẹ́ ahọ́n, kí wọ́n má gbé e mì. Orí lè fọ́ wọn, kò burú. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ dáínámáìtì láyé ọjọ́un náà ni orí máa ń fọ́, nitroglycerin, orúkọ mìíràn fún GTN, ni wọ́n ń fọwọ́ kàn. Kódà Alfred Nobel, tó fi í ṣe dáínámáìtì tó sì fi là, òun kan náà ni àwọn dókítà wá kọ fún un fún ọkàn rẹ̀ kó tó kú ní 1896. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí àyà ò tú, kí wọ́n lo ẹyọ kejì. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn bá tún kọjá, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́, ìkọlù ọkàn ni kẹ́ ẹ kà á sí: aspirin lẹ́nu, mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá sì jẹ́ pé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni òógùn tútù ti ń bò wọ́n, ẹ má dúró de ẹyọ kejì.

Ẹni tó bá lo oògùn agbára ọkùnrin, ìyẹn sildenafil (Viagra) láàárín wákàtí 24, tàbí tadalafil (Cialis) láàárín wákàtí 48, kò gbọdọ̀ fi GTN sẹ́nu. Àwọn méjèèjì á fà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi tí kò ní padà. Ẹ má tijú láti bi Bàbá. Ẹ bi wọ́n nípa ale, àgbo agbára ọkùnrin, náà, torí ní oríṣiríṣi ilẹ̀ ni wọ́n ti bá sildenafil nínú àgbo tí wọ́n kọ "ewé àti egbò nìkan" sí lára.

Inú ìgò aláwọ̀ dúdú tó bá GTN wá ni kó máa wà, kí ìdérí rẹ̀ dé pinpin. Ó máa ń fò lọ bí òórùn kẹ́rósíìnì, nylon sì máa ń fà á mu. Ẹ sọ oníkẹ́mísì tó bá ka mẹ́wàá sínú nylon fún yín di ọ̀rẹ́ ẹlòmíì. Bí ẹ bá ti ṣí ìgò, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, ẹ ra tuntun.

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀
Kí àbúrò yín rìn kiri ní ọ̀sán gangan, kó lọ bi àwọn ilé ìwòsàn ní Ìkìrun àti Òṣogbo: èwo ló ní ECG tó ń ṣiṣẹ́ lóru, èwo ló ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì? Wákàtí méjìlá àkọ́kọ́ ni oògùn yẹn ń wúlò, bó bá sì ti yá ló ti dára tó. Kó gba nọ́ńbà awakọ̀ méjì tó ń sùn nítòsí. Kó má gbé wọn sórí ọ̀kadà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, 767 náà ń gbé ìpè, yàtọ̀ sí 112.

Ọmọ Ìkìrun
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, mo tún pè é, mo tọrọ àforíjì fún ohùn tí mo fi bá a sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ti gbé adrenaline àti Lasix padà. Ọlọ́jà ní òun kì í dá owó padà, paracetamol àti báńdéèjì ló fi dí i. Ó ti lẹ nọ́ńbà awakọ̀ méjì mọ́ ògiri. Aspirin wà lórí fíríìjì.

Mo wá bi Bàbá pé níbo ni GTN wọn wà. Wọ́n ní ó wà nínú nylon, nínú àpò agbádá tí wọ́n wọ̀ lọ síbi ìnáwó lóṣù tó kọjá. Agbádá ọ̀hún wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀.

Apòògùn Ṣábó
Ìgò tuntun láàárọ̀ ọ̀la o. Kí àbúrò yín kọ ọjọ́ tó bá ṣí i sára rẹ̀.